Aṣọ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Wọ̀

Ìbéèrè kan wà tí àwọn olùkọ́ ilé-ìwé máa ń bi wá nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ bá délẹ̀, a sì ti ṣe ìlérí pé a ó dáhùn rẹ̀ nínú ìwé yìí. Ìbéèrè náà ni èyí: bí ènìyàn bá fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù hun aṣọ kan, tí aṣọ náà kò bo ìhòòhò ẹnikẹ́ni, tí kò sì ya àwòrán ohunkóhun tí ojú lè dá mọ̀, ǹjẹ́ iṣẹ́ ni ẹni náà ṣe, tàbí eré? Àwọn mìíràn tilẹ̀ sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fi irun àgùntàn ṣòfò lára ògiri nígbà tí òtútù ń mú ọmọ ẹlòmíràn. A kò fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ náà, nítorí ẹni tí ó bèèrè rẹ̀ kò ṣe àwàdà. Nítorí náà, kí a tó dá ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹnìkan tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ẹni tí a kò rí ni à ń dá lẹ́bi.

Obìnrin náà ni Silvia Heyden. Ní ọdún 1927 ni a bí i ní ìlú Basel, ní ilẹ̀ Swítsàlandì. Ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ti ìlú Zürich ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́, ní ìgbà tí Johannes Itten jẹ́ olórí ibẹ̀. Itten yìí ti ṣe olùkọ́ rí ní Bauhaus, ilé-ẹ̀kọ́ olókìkí nì ní Jámánì, níbi tí a ti ń kọ́ni pé kí oníṣẹ́ ọnà kọ́kọ́ mọ ìwà igi, ìwà òwú, ìwà irin àti ìwà àwọ̀, kí ó tó pinnu ohun tí yóò fi wọ́n ṣe. Ní ọdún 1966 ni Heyden bá ọkọ rẹ̀, tí í ṣe oníṣègùn, lọ sí ìlú Durham ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, nítorí iṣẹ́ ọkọ náà ní Yunifásítì Duke. Bẹ́ẹ̀ ni ó di àlejò ní ilẹ̀ àjèjì, ó sì sọ ilẹ̀ àjèjì náà di ilé. Ó kú ní ọdún 2015.

Odò kan ń ṣàn gba ẹ̀bá ìlú Durham kọjá, Eno ni a ń pè é; orúkọ ẹ̀yà kan nínú àwọn onílẹ̀ ìgbàanì ni a fi sọ odò náà. Heyden a máa rìn lọ sí etí odò yìí, ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn, a sì máa wo bí omi ti ń yí òkúta ká, bí ewé ti ń bá omi lọ, àti bí ìmọ́lẹ̀ ti ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú omi. Nígbà tí ó bá padà délé, a jókòó ti òfì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wá odò, igi àti òkúta nínú aṣọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí wọn nínú fọ́tò yóò padà lófo. Ohun tí yóò rí ni àwọn ìlà tí ó tẹ̀ bí ọrun, tí ọ̀kan ń lé èkejì; àwọn igun mẹ́ta tí a tò léra bí ìyẹ́ ẹyẹ; àwọ̀ tí ó ń ṣú díẹ̀díẹ̀ tí ó sì tún ń mọ́. Obìnrin yìí a máa ta fayólìnì pẹ̀lú, ẹni tí ó bá sì tẹjú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ pẹ́ yóò rí i pé ó ń lọ bí orin ti ń lọ, tí ó ń yára, tí ó ń rọra, tí ó sì ń padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí a sọ bí a ti ń hun irú aṣọ àfikọ́ ògiri bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kò lè dá oníṣẹ́ lẹ́jọ́. Ahunṣọ yóò kọ́kọ́ ta òwú líle sórí òfì, fọ́nrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́nrán, títí yóò fi le gan-an bí okùn gòjé. Òwú títa yìí ni eegun aṣọ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ojú kì yóò rí i mọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Lẹ́yìn èyí ni yóò máa fi òwú aláwọ̀ gba àárín wọn kọjá, yóò gba orí ọ̀kan, yóò gba abẹ́ èkejì, yóò sì máa kì í mọ́lẹ̀ títí òwú aláwọ̀ yóò fi bo òwú títa pátápátá. Nínú aṣọ tí à ń wọ̀, òwú tí a fi ń hun ún a máa lọ láti etí kan dé etí kejì. Nínú aṣọ àfikọ́ ògiri kò rí bẹ́ẹ̀: àwọ̀ kọ̀ọ̀kan a lọ dé ibi tí ààlà rẹ̀ mọ, a sì padà. Pupa ní àyè tirẹ̀, aró ní àyè tirẹ̀. Kì í ṣe pé a hun aṣọ tán kí a tó ya nǹkan sí i lára. Bí aṣọ ti ń dàgbà ni ohun tí ó wà lára rẹ̀ ń dàgbà. Láti ìsàlẹ̀ ni a sì ti ń kọ́ ọ lọ sókè bí ẹni ń mọ ògiri. Bí ahunṣọ bá dé àyà aṣọ, tí ó wá rí i pé òun ti ṣìṣe ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀nà méjì péré ni ó kù fún un: kí ó tú iṣẹ́ gbogbo oṣù tí ó ti kọjá, tàbí kí ó wá bí ohun tí ó kù láti hun yóò ti sọ àṣìṣe náà di ẹwà. Ta ni ó wà nínú wa tí ó ti kọjá ogójì ọdún tí kò mọ ohun tí èyí jẹ́?

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti àná. Ní nǹkan bí ọdún 1515 sí 1516, Póòpù Leo Kẹwàá ní kí Raphael, ayàwòrán ńlá nì, ya àwòrán ìtàn Pétérù àti Pọ́ọ̀lù sórí bébà, kí a lè hun wọ́n fún ilé ìsìn Sistine ní Róòmù. Àwòrán mẹ́wàá ni a kó lọ sí Brussels, sí ilé iṣẹ́ Pieter van Aelst. Níbẹ̀ ni a ti gé bébà náà sí ọ̀já ọ̀já, tí àwọn ahunṣọ sì tẹ̀ lé e fọ́nrán sí fọ́nrán. Méje nínú àwọn bébà náà ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní, ní Ilé Ọnà Victoria àti Albert. Orúkọ ẹni tí ó ya àwòrán kò parẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ orúkọ àwọn tí ìka wọn ṣe aṣọ náà? Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà ní ilẹ̀ Yúróòpù pé orí kan ni yóò máa ronú, ọwọ́ mìíràn ni yóò máa hun. Ahunṣọ di ẹni tí ń ṣe àdàkọ ohun tí ẹlòmíràn ti rí.

Èyí ni Heyden kọ̀. Ó gbà pé ohun tí ó yẹ òfì yàtọ̀ sí ohun tí ó yẹ búrọ́ọ̀ṣì ayàwòrán, àti pé kí òwú máa sáré tẹ̀ lé ọ̀dà kì í ṣe ọlá fún òwú. Kò jẹ́ kí àwòrán tí a ti yà parí sórí bébà jọba lórí òun. Ó jẹ́ kí òwú fúnra rẹ̀, ní títẹ̀ àti ní pípadà rẹ̀, sọ ibi tí iṣẹ́ ń lọ. Ní ọdún 1998 ó kọ ìwé lórí ọ̀nà tí ó gbà. Ní ọdún 2011 sì ni a ṣe fíìmù kan nípa iṣẹ́ rẹ̀. A sọ ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tí ó ṣe kì í ṣe ti ẹni tí kò lè ya àwòrán. Ó yàn án ni.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí ẹ̀sùn náà. Àkọ́kọ́, wọ́n ní aṣọ náà kò wúlò. Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀, kí ó wo agbádá tí ó wà ní ọrùn ara rẹ̀. Iṣẹ́ òwú tí a fi abẹ́rẹ́ ṣe sí àyà agbádá kò fi ooru kún un, bẹ́ẹ̀ ni kò dá òjò dúró. Síbẹ̀ kò sí àgbà tí yóò wọ agbádá tí kò ní i lọ sí ibi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Òtítọ́ ni pé lára ẹ̀wù ni iṣẹ́ yẹn wà, a kò sì fẹ́ fi èyí nìkan borí nínú àríyànjiyàn. Nítorí náà a ó lọ síwájú. Ní ọdún 1785 ni àlùfáà Ìjọ England kan, Edmund Cartwright, gba ìwé àṣẹ fún òfì tí ẹ̀rọ ń wa. Láti ọjọ́ wọnnì ni ẹ̀rọ ti ń gba iṣẹ́ bíbo ìhòòhò kúrò lọ́wọ́ ọwọ́ ènìyàn díẹ̀díẹ̀, títí ó fi jẹ́ pé ilé ìtajà kún fún aṣọ lónìí. Bí ọmọ kan bá ń gbọ̀n nínú òtútù ní ìgbà tiwa, kì í ṣe àìsí irun àgùntàn ni ó fà á. Àìsí ẹni tí yóò fún un ni. Bí a bá sọ gbogbo aṣọ ògiri kalẹ̀ lónìí, ọmọ náà yóò ṣì máa gbọ̀n lọ́la bí ọkàn aládùúgbò rẹ̀ kò bá yí padà. Lóòótọ́, bí ahunṣọ bá pa ọmọ ara rẹ̀ tì nítorí òfì, ó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìpatì náà ni ẹ̀bi, kì í ṣe aṣọ.

Ẹ̀sùn kejì ni pé aṣọ náà kò jọ ohunkóhun, nítorí náà irọ́ ni, ẹnikẹ́ni sì lè ṣe é. Ní ti èyí, àwọn baba wa ti dáhùn kí a tó bí Heyden. Ẹ wo ẹtù, aṣọ òfì tí a pa láró títí ó fi dúdú, tí ìlà funfun tín-ín-rín là á já. Orúkọ ẹyẹ ẹtù, tí àwọn mìíràn ń pè ní awó, ni a fi sọ ọ́. Ǹjẹ́ àgógó ẹyẹ wà lára aṣọ náà bí? Ǹjẹ́ ìyẹ́ wà níbẹ̀ tàbí ẹsẹ̀? Kò sí. Síbẹ̀ ẹni tí ó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ ti rí ara dúdú olóhun funfun wínníwínní tí ẹtù ń gbé kiri nínú koríko, ó sì rí i lẹ́ẹ̀kejì nínú aṣọ. Ohun tí ó jọ kì í ṣe ìrísí ẹyẹ náà; ohun tí ẹyẹ náà ń ṣe sí ojú ni. Bí a bá fi ẹtù ṣe agbádá ọlọ́lá láìbèèrè pé níbo ni orí ẹyẹ wà, èéṣe tí a ó fi bèèrè lọ́wọ́ àlejò pé níbo ni òkúta odò wà? Ní ti pé ẹnikẹ́ni lè ṣe é, òfì kò mọ ojúsàájú. Òwú tí a fà jù yóò fún aṣọ ní ìbàdí; èyí tí a kò fà tó yóò wú bí ara aláìsàn. Ẹ̀tàn kò pẹ́ lára òfì.

Ọ̀ràn tí ó wúwo jù èyí lọ sì wà. Ní ọdún 1933, ahunṣọ mìíràn tí í ṣe ọmọ Jámánì, Anni Albers, sá kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ìjọba Hitler dé, nítorí ìran Júù ni ó ti wá. Ìpínlẹ̀ North Carolina kan náà ni òun pẹ̀lú dé, ó sì kọ́ni ní Black Mountain College títí di ọdún 1949. A máa ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi hóró àgbàdo àti koríko tò bí ẹni tò òwú, kí ìka wọn lè kọ́ ohun tí ojú nìkan kò lè kọ́ wọn. Nígbà tí ó ṣe, Ilé Ọnà Àwọn Júù ní New York bẹ̀ ẹ́ kí ó hun ohun ìrántí fún mílíọ̀nù mẹ́fà àwọn Júù tí a pa. Ó sì parí rẹ̀: aṣọ mẹ́fà, gígùn, tóóró, tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òwú dúdú, òwú funfun àti fọ́nrán fàdákà ni ó rìn kiri lára wọn bí ìwé tí a kò lè kà. Kò ya ojú ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: àwòrán wo ni ì bá tó? Ojú ta ni a bá yà, tí a kò ní fi ti àwọn yòókù sílẹ̀? Ìgbà mìíràn wà tí àìyàwòrán jẹ́ ọ̀wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ti jẹ́ ọ̀wọ̀ ní ilé ọ̀fọ̀. A kò gbọ́dọ̀ sọ pé ẹni tí ó dákẹ́ ní irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní ohun tí yóò sọ.

Ẹ̀sùn kẹta ni a ń sọ ní ohùn jẹ́jẹ́, ó sì wọ́pọ̀: kí ni àjèjì mọ̀ nípa odò wa? Àwọn àgbà tilẹ̀ sọ pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí kò purọ́. Àlejò kò mọ ibi tí kòtò wà lójú ọ̀nà, kò sì mọ ẹni tí ó ń bá ẹni ṣọ̀tá nínú ilé. Ṣùgbọ́n apá kan òtítọ́ ni òwe mú. Onílé náà ní ojú, a sì máa dẹ́kun láti fi ríran, nítorí ohun tí a ń rí lójoojúmọ́ a máa di ohun tí a kò rí mọ́. Ẹni tí a bí sí etí odò lè kọjá lórí afárá rẹ̀ fún ogún ọdún láìwo omi. Ní ọdún 1966 kan náà tí Heyden dé Durham ni àwọn ará agbègbè náà kó ẹgbẹ́ jọ láti gba odò Eno sílẹ̀, nítorí ìlú fẹ́ sé e láti fi ṣe adágún omi mímu. Ní ọdún 1973 ni ilẹ̀ etí odò náà di ọgbà ìpínlẹ̀. A kò sọ pé Heyden ni ó ṣe èyí. Àwọn ẹlòmíràn ni. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni kì í jà fún ohun tí kò tíì wò rí. Kí a tó lè pa ohun kan mọ́, ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ wò ó pẹ́. Bí àlejò bá sì ń san gbèsè fún ilẹ̀ tí ó gbà á, a kò mọ owó tí ó dára ju kí ó wo ilẹ̀ náà dáradára, kí ó sì fi ohun tí ó rí han àwọn onílé.

Ní ìhín ni a ó jẹ́wọ́ ohun kan. Ní ilé-ìwé kan tí a ti ṣe olùkọ́ nígbà èwe wa, a ní kí àwọn ọmọ hun ẹní kékeré, onílà mẹ́rin mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí a ti fi hàn wọ́n. Ọmọbìnrin kan hun tirẹ̀ dáradára dé àárín, lẹ́yìn náà ó dà gbogbo ìlà náà ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń sáré lọ sísàlẹ̀, ọ̀kan gùn, èkejì kúrú. A bi í léèrè pé kí ni èyí. Ó ní, “Tíṣà, bí òjò ti ń bọ̀ láti orí òkè ni.” Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, àwa náà sì rẹ́rìn-ín. A ní kí ó tú u, kí ó sì hun ún bí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹní náà gún régé, a sì fún un ní máàkì tí ó yẹ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí ó fi kúrò lọ́dọ̀ wa, kò tún dá ohunkóhun ṣe láti inú ara rẹ̀ mọ́. Ohun tí a bá sọ fún un ni ó ń ṣe, ó sì ń ṣe é pé pérépéré. Nígbà náà a rò pé a ti kọ́ ọ. Ó pẹ́ kí a tó mọ̀ pé ohun kan ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má ṣe gbọ́ wa gbọ́ òdì, ẹ̀yin olùkọ́. A kò sọ pé kí ọmọ má kọ́ ìlà mẹ́rin mẹ́rin. Heyden pàápàá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó rí ọ̀nà tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì lè hun ẹní tí ó gún kò lè hun òjò. A kò sì sọ pé gbogbo ohun tí kò ní ìrísí ni ó dára. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìwà ọ̀lẹ tí ó wọ ẹ̀wù ọgbọ́n. Ohun tí a ń sọ kò ju èyí lọ: nígbà tí ọmọ bá gbé iṣẹ́ wá tí a kò mọ ohun tí ó jọ, kí a bèèrè kí a tó rẹ́rìn-ín, nígbà tí ó bá sì dáhùn, kí a lọ wo òjò.

Nítorí náà ìdáhùn wa sí ìbéèrè àwọn olùkọ́ ni pé iṣẹ́ ni. Aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ lè wọ ojú ẹni tí ó wò ó, kí ó sì bá a lọ sí etí odò tirẹ̀. Bí ọmọbìnrin tí a ń sọ yìí bá wà láàyè tí ó sì ń ka ìwé yìí, kí ó mọ̀ pé a ti rí òjò náà láti orí òkè lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà wá, bí ó ti hun ún gan-an ni ó sì ti rí.